Òfin Oúnjẹ Tí Títílọpẹ́ Kọ Ránṣẹ́ Sílé

Leeds,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta, 2024

Bàámi,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ìtọ́jú ara. Mo kí Màámi, mo kí Lékan àbúrò mi àti Mojírádé ìyàwó rẹ̀. Lẹ́tà ni mo ní kí n kọ báyìí, nítorí gbogbo ìgbà tí èmi àti ẹ̀yin bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ariwo la fi ń parí rẹ̀. Ẹ̀yin á pa fóònù, èmi á jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, màá máa sunkún. Mojírádé á gbé èyí fún yín kà lórí fóònù rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ fèsì, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, á ya fọ́tò rẹ̀, á fi ránṣẹ́ sí mi.

Dókítà ló sọ ọ́, kì í ṣe èmi: ìtọ̀ ṣúgà ni. Ó fún yín ní oògùn tí ẹ ó máa lò láràárọ̀. Mojírádé ní òótọ́ ni pé ẹ̀ ń lò ó, ṣùgbọ́n odó kò sinmi nínú ilé, iyán ni lálaalẹ́.

Bàámi, ilé àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bàbá kan wà tí mo máa ń wẹ̀ fún níbẹ̀, ìtọ̀ ṣúgà ti mú kí wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún. Bí mo bá ti ń fi ọṣẹ pa á lára, ẹ̀yin ni mò ń rò. Wọ́n rán wa lọ sí ẹ̀kọ́ oṣù mẹ́ta lórí oúnjẹ, ohun tí mo sì kọ́ níbẹ̀ nìyí: iṣu kì í dùn lẹ́nu bíi ṣúgà, ṣùgbọ́n tó bá ti dénú, ṣúgà ló ń dà. Bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo oúnjẹ afáralókun. Ara á máa jó ṣúgà yẹn bí ààrò ṣe ń jó igi, ibẹ̀ la ti ń rí agbára. Ara tiyín kò lè jó o tán mọ́, ó wá ń kóra jọ sínú ẹ̀jẹ̀, ó ń ba ojú jẹ́, ó ń ba kíndìnrín jẹ́, ó ń ba ẹsẹ̀ jẹ́.

Ẹ dákun, ẹ fi iyán sílẹ̀. Mo kúnlẹ̀.

Títílọpẹ́ yín.


Odò-Ọjà, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì,
30/3/2024

Títílọpẹ́, dókítà àgbà,

Mo rí ìwé rẹ, mo sì fi awò kà á fúnra mi, n kò nílò Mojírádé. Ara wa le. Òjò àkọ́kọ́ ti rọ̀, mo ti kọ ebè igba ó lé, ara tí ìwọ ń pè ní ara aláìsàn ló kọ ọ́.

Ọdún márùndínlógójì ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ilé-ìwé. Mo máa ń ya iṣu sára pátákó, màá kọ "afáralókun" sí abẹ́ rẹ̀. Màá ya ẹyin, màá kọ "amáradàgbà". Ìwọ náà wà ní kíláàsì yẹn, mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá lo gbà. Ṣé kí n wá máa ká àwọn ọmọ náà mọ́lé lọ́kọ̀ọ̀kan báyìí, àwọn tó ti di bàbá ọmọ, kí n ní kí wọ́n forí jì mí, pé iṣu tí mo yà fún wọn, májèlé ni?

Àwọn àgbà ní iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ̀kọ, kẹ́nu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú. Wọn ò sọ pé ewé ni oúnjẹ. Ní Ìkẹ́rẹ́ níbí, ulé tí kò bá ti sí uyán, wọ́n á ní ebi ló sùn ńbẹ̀. Bàbá mi jẹ ẹ́ dé àádọ́rùn-ún ọdún, ẹsẹ̀ méjèèjì ló fi wọ sàréè.

Ọdún mẹ́sàn-án nìyí tí o ti lọ. O ò bá wa jókòó ti abọ́ láti ọdún mẹ́sàn-án, ìwọ lo wá mọ ohun tí a ó jẹ. Ó dára náà. Nítorí ẹkún ìyá rẹ, mo ti fi iyán sílẹ̀ láti Sátidé tó kọjá. Gàrí ni mò ń mu lóko, mo sì ń fi ẹ̀pà sí i. O ò dárúkọ gàrí.

Èmi ni bàbá rẹ,
Bọ́dúndé.


Leeds,
Ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹrin, 2024

Màámi,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀yin ni mo kọ èyí sí, nítorí Bàámi ń fi ikú ṣeré, wọ́n sì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Iyán, ọkà, ẹ̀kọ, gúgúrú tí wọ́n kà sílẹ̀ yẹn, nǹkan kan náà ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ̀wù ló yàtọ̀.

Mo ti kọ òfin oúnjẹ sí abẹ́ ibí. Kí Mojírádé fi bírò gàdàgbà dà á kọ, kí ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Bàámi kò gbọ́dọ̀ jẹ iyán, àmàlà, ẹ̀bà, gàrí, ìrẹsì, ẹ̀kọ, búrẹ́dì, dòdò. Ẹ̀fọ́, ẹja, ẹyin, ẹran díẹ̀, ìyẹn ni tiwọn. Ṣúgà, oyin àti mínírà kò gbọ́dọ̀ sí nínú ilé rárá. Wọn kò gbọ́dọ̀ fo oògùn ní àárọ̀ ọjọ́ kankan, ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀. Bí wọ́n bá bẹ̀bẹ̀, ẹ má fún wọn. Bí wọ́n bá bínú, ẹ má fún wọn. Bí wọ́n bá ní àwọn ń kú lọ, ẹ má fún wọn.

Màámi, ẹ má jẹ́ kí àánú wọn ṣe yín. Àánú yẹn ló máa pa wọ́n.

Títílọpẹ́.


Odò-Ọjà, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì,
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù karùn-ún, 2024

Títílọpẹ́ mi, Àṣàkẹ́,

O kú òtútù ọ̀hún. Ṣé o ń jẹun? Ṣé o ti rí ẹni tí yóò máa bá ọ sọ̀rọ̀ lẹ́yìn iṣẹ́? Mojírádé ló ń bá mi kọ èyí, ohun tí mo bá ti sọ ló ń kọ.

Òfin rẹ wà lára ilẹ̀kùn, a sì ń tẹ̀lé e. Àmọ́ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí fún ọ. Ọdún mọ́kànlélógójì ni mo fi gúnyán fún bàbá rẹ. Láti ìgbà tí ìwé rẹ ti dé, odó ti dorí kodò lẹ́yìn ilé. Ìyá tó wà lójúlé kejì wá bi mí ní jẹ́jẹ́ bóyá ìjà ló wà láàárín èmi àti ọkọ mi, torí òun ò gbọ́ ìró odó wa mọ́ nírọ̀lẹ́. Ojú tì mí. Mo ní kò sí ìjà, ọmọ wa tó wà ní òkè òkun ló ní ká má gún un mọ́. Ó wò mí bí ẹni pé mo bú u.

Ìdààmú bàbá rẹ kò mọ níwọ̀n. Lọ́sẹ̀ tó kọjá wọ́n nà gbalaja sórí àga, wọ́n ní ojú àwọn ń ṣú, pé kí n bu oyin díẹ̀ sí àwọn lẹ́nu kí àwọn tó kú. Mo sáré bá wọn. Àfi bí mo ṣe rí i tí ẹ̀rín ń gbọn irùngbọ̀n wọn. Mo fi aṣọ ìnuwọ́ nà wọ́n. Ìgbà kẹta nìyẹn tí wọ́n máa ṣe bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n wọ́n ti rù, Títí. Ṣòkòtò wọn ń já bọ́. Wọ́n ní okun ò sí nínú àwọn láti dé oko mọ́. Ṣé kò sí ègé iṣu kékeré kan tí wọ́n lè máa jẹ? Ègé kan péré. Bi àwọn tó kọ́ ọ wò. Ọdún iṣu tuntun náà ń bọ̀, o sì mọ̀ pé bàbá rẹ lolórí ẹbí.

Ìyá rẹ,
Janet.


Leeds,
Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù kẹfà, 2024

Màámi,

Ẹ má bínú pé mo pẹ́ kí n tó fèsì. Iṣẹ́ méjì ni mò ń ṣe lójúmọ́ báyìí.

Kò sí ègé kan. Lónìí ègé kan, lọ́la iṣu odidi, mo mọ bàbá mi. Rírù tí wọ́n rù, ó dára fún wọn. Ní ti ọdún iṣu, kí Bọ̀dá Láńre àbúrò wọn jẹ ẹ́ dípò wọn. Kí ló wà níbẹ̀?

Ẹ ti ń rọ̀, Màámi. Mo gbọ́ ọ nínú ọ̀rọ̀ yín.

Títílọpẹ́.


Odò-Ọjà, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì,
14/7/2024

Títílọpẹ́,

N kò ní ṣe àwàdà lónìí.

O ní kí Láńre jẹ iṣu tuntun dípò mi, o wá ní kí ló wà níbẹ̀. O ti gbàgbé pátápátá nìyẹn. Bí iṣu tuntun bá jáde, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fẹnu kàn án nínú ẹbí wa, àgbà ni, ọmọdé ni, àfi bí olórí ẹbí bá jẹ òkèlè àkọ́kọ́. Olórí ẹbí tó bá wà láàyè, tó sì gbé òkèlè yẹn fún àbúrò rẹ̀, ó ti gbé ipò fún un. Òkú ni wọ́n máa ń jẹ ẹ́ dípò rẹ̀, Títílọpẹ́. Ṣé òkú ni mí?

Sátidé, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹjọ ni ọdún náà. Òkèlè kan ṣoṣo ni màá jẹ. Bàbá kì í bẹ ọmọ, nítorí náà n kò bẹ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ kò ní gúnyán náà bí o kò bá fọwọ́ sí i. Òfin rẹ ló ń bẹ̀rù ní ilé yìí báyìí, kì í ṣe tèmi. Kọ̀wé sí i.

Ohun kan sì tún wà tí mo fẹ́ bi ọ́. Àwọn àárọ̀ kan wà tí ọwọ́ mi máa ń gbọ̀n lẹ́yìn tí mo bá lo oògùn, òógùn á bò mí, ọ̀rọ̀ á máa fò mí lórí. Tí mo bá mu omi ẹ̀kọ díẹ̀ ní kọ̀rọ̀, á lọ. N kò sọ fún ìyá rẹ, torí á ní mo tún ti bẹ̀rẹ̀. Kí lo rò pé ó jẹ́?

Bàbá rẹ,
Bọ́dúndé.


Leeds,
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kẹjọ, 2024

Màámi,

Mo rí ìwé Bàámi láti oṣù tó kọjá. Inú bí mi, ni mi ò ṣe fèsì. Omi ẹ̀kọ ní kọ̀rọ̀! Gbogbo wàhálà tí a ń ṣe, kọ̀rọ̀ ni wọ́n ti ń bà á jẹ́.

Ẹ gúnyán ọdún náà. Òkèlè kan, kò gbọ́dọ̀ di méjì, kí ẹ sì dúró tì wọ́n. Òfin yòókù kò yí padà.

Títílọpẹ́.


Odò-Ọjà, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì,
Ọjọ́ kejì, oṣù kẹsàn-án, 2024

Títílọpẹ́,

O ti gbọ́ ikú bàbá rẹ lẹ́nu Lékan. Mi ò gba fóònù rẹ nítorí pé ohùn mi kò jáde. Mo fẹ́ sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún ọ, kí o má baà gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn.

Ní àárọ̀ Sátidé yẹn, wọ́n lo oògùn bí òfin rẹ ṣe wí. Wọn ò jẹ nǹkan kan lé e, torí ẹni tó máa jẹ iṣu tuntun kì í fi oúnjẹ mìíràn ba ẹnu jẹ́ ṣáájú. Ní alẹ́ tó ṣáájú, ẹ̀fọ́ àti ẹja ni wọ́n jẹ. Agogo mẹ́wàá ló yẹ ká ṣe é, ṣùgbọ́n Láńre kò tíì dé láti Akúrẹ́, ọkọ̀ rẹ̀ bàjẹ́ lọ́nà, a kò sì lè ṣe é lẹ́yìn rẹ̀. Agogo méjìlá lù. Agogo méjì lù. Iyán ti tutù nínú abọ́ tí a dé.

Bàbá rẹ bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn. Agbádá wọn rin gbingbin. Ọwọ́ wọn ń gbọ̀n. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní orúkọ ìyá wọn. Wọ́n wá dì mí lọ́wọ́ mú, wọ́n ní, "Ìyá Títí, ṣúgà. Bù mí ní ṣúgà." Mo ní ẹ tún ti dé nìyẹn. Mojírádé sáré mú mínírà wá láti ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé, ó ti ṣí i. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo dà á sílẹ̀. Mo nawọ́ sí ilẹ̀kùn, mo ní ṣé o ò ka ohun tó wà níbẹ̀ ni, ìwọ tí o fi ọwọ́ ara rẹ kọ ọ́.

Nígbà tí a fi gbé wọn dé ọsibítù, wọn ò mọ ẹnì kankan mọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n lò. Gbogbo ẹbí ń sọ pé ṣúgà wọn ló ga sókè lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo tẹ̀lé òfin rẹ dé ìparí. Ìwọ lo kàwé rẹ̀, sọ fún mi: ṣé mo ṣe dáadáa?

Ìyá rẹ,
Janet.


Leeds,
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹsàn-án, 2024

Màámi mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ìdààmú ọkàn. Ẹ kú ìrójú. Ọlọ́run á tù yín nínú, á rẹ̀ yín lẹ́kún, á dá yín sí fún wa.

Ẹ ṣe dáadáa, Màámi. Ohun tó yẹ kí aya rere ṣe lẹ ṣe. Ìtọ̀ ṣúgà máa ń ga báyìí nígbà mìíràn, kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i. Ọjọ́ wọn ló pé. Ẹ má rò ó mọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá yín lẹ́bi.

Mo ti gba ààyè níbi iṣẹ́ fún ìsìnkú.

Títílọpẹ́ yín.


Odò-Ọjà, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì,
Ọjọ́ ogún, oṣù kẹsàn-án, 2024

Títílọpẹ́,

Dókítà ti sọ fún mi láti ọjọ́ tí a gbé bàbá rẹ débẹ̀. Ṣúgà wọn kò ga. Ó ti lọ sílẹ̀ débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí mọ́. Ó ní oògùn yẹn máa ń lé ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, oúnjẹ ló sì yẹ kó máa fi òmíràn síbẹ̀. Ó ní ṣúgà yẹn náà ni ọpọlọ fi ń ṣiṣẹ́, tó bá tán, ọpọlọ á kú. Ó ní ẹni tó bá ń lo oògùn yẹn gbọ́dọ̀ máa jẹ iṣu díẹ̀, ìrẹsì díẹ̀, ní ìwọ̀nba, ní àkókò. Ó ní ìgò mínírà kan, tàbí ṣíbí ṣúgà mẹ́ta nínú omi kí wọ́n tó dákú, wọn ì bá dìde jókòó. Ó bi mí pé ta ló ní kí wọ́n má jẹ ẹ́ rárá. Mi ò dárúkọ rẹ.

Mo mọ gbogbo èyí nígbà tí mo bi ọ́ bóyá mo ṣe dáadáa. Mo fẹ́ gbọ́ ohun tí o máa sọ ni. O ní mo ṣe dáadáa. O pè mí ní aya rere.

Bó bá jẹ́ pé o ò mọ̀, òmùgọ̀ làwa méjèèjì, màá gbà ọ́ mọ́ra, a jọ máa sunkún. Ṣùgbọ́n inú ilé àwọn arúgbó lo ti ń ṣiṣẹ́. Mo bi ọ́ lẹ́ẹ̀kan, màá tún bi ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, mi ò ní bi ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta: ṣé o mọ̀?

Janet.


Leeds,
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹwàá, 2024

Màámi,

Mo mọ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń kọ ìwé yìí tí mò ń ya á. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ wa nìyẹn, kí wọ́n tó kọ́ wa ní nǹkan mìíràn: bí ẹni tó ń lo oògùn yẹn bá ń gbọ̀n, tó ń làágùn, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já gaara, ẹ fún un ní nǹkan dídùn kíákíá. Mo ti fún àwọn arúgbó wọn níbí ju ogún ìgbà lọ. Nígbà tí Bàámi kọ̀wé nípa ọwọ́ wọn tó ń gbọ̀n, mo mọ ohun tó jẹ́. Mo rò pé màá fèsì tí inú mi bá rọ̀. Nígbà tí mo wá fèsì, omi ẹ̀kọ ni mo rí bá wọn jà.

Kì í ṣe pé mo gbàgbé láti kọ ọ́ sínú òfin náà. Mo ti kọ ọ́, mo sì pa á rẹ́. Mo mọ Bàámi. Mo ní bí mo bá kọ ọ́ pé ọjọ́ kan wà tí ṣúgà jẹ́ oògùn, wọ́n á sọ ojoojúmọ́ di ọjọ́ yẹn. Mo fẹ́ kí ẹ̀rù bà yín tó. Mo fẹ́ borí wọn, Màámi, ìyẹn náà wà níbẹ̀. Mo sì purọ́ fún yín nítorí mo rò pé ẹ kò ní mọ̀ láéláé.

Bí ẹ bá ní kí n má wá, mi ò ní wá.

Títílọpẹ́.


Odò-Ọjà, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì,
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kẹwàá, 2024

Títílọpẹ́,

Mojírádé ka ìwé rẹ fún mi lẹ́ẹ̀mẹta.

Òótọ́ lo sọ nípa bàbá rẹ. Ká ní o kọ ọ́ ni, ojoojúmọ́ ni ọwọ́ wọn ì bá máa gbọ̀n. Wọn ì bá máa tàn mí, mo sì máa ń gbà kí wọ́n tàn mí. Ṣùgbọ́n wọn ì bá wà láyé láti máa tàn mí.

Jímọ̀, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù tó ń bọ̀ ni ìsìnkú. Wá. Ìwọ ni àkọ́bí, ìwọ ló yẹ kó kọ́kọ́ da erùpẹ̀ sí i. Mi ò tíì dárí jì ọ́, mi ò sì mọ ọjọ́ tí mo máa ṣe é.

Lékan kò tíì mọ ohun tó pa bàbá rẹ̀. Èmi àti Mojírádé ti pa ẹnu mọ́ títí o fi máa dé. Ìwọ ni kí o sọ fún un, kí o sì sọ gbogbo rẹ̀. Tó bá bi ọ́ pé ta ló da mínírà yẹn sílẹ̀, má purọ́ nítorí mi. Sọ pé ìyá rẹ ni.

Janet.